Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù Tó Ń Nà

Ilé Ìlagi Rájí,
Etí Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ Ẹtì.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun tán kí o tó kà á. Bí ó bá sì bá ọ níbi tí o ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rẹ́rìn-ín, gbé ẹ̀rín náà sápá kan ná, kí o wá ibi tó dákẹ́ jókòó sí. Dírẹ́bà tó ń kó pákó wa lọ Ìkòròdú láàárọ̀ ọ̀la ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé, kì í ṣe ọwọ́ onílé rẹ.

O lè ní kí ló dé tí Bàbá ò pè mí lórí fóònù. Mo lè pè ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù, bó ṣe ń gba etí ọ̀tún wọlé ló ń gba tòsì jáde. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ kí o lè ṣí i wò ní ọjọ́ Ajé kí o tó wọ yàrá ọ̀gá rẹ. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀: èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, ìyókù, agídí ni mo fi kọ́ ọ. Àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí tí wọn ò lè kọ ojú ewé kan ní Yorùbá láìfi Gẹ̀ẹ́sì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi Rájí, mo ń kọ ọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Nígbà tí o pè wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o ń sọ fún ìyá rẹ nípa iṣẹ́ tuntun tí o gbà yìí, pé ilé iṣẹ́ yín ló máa pín àyè fún gbogbo àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn tó ní ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́. O ní orí kọ̀ǹpútà ni olúkúlùkù yóò ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àyè tirẹ̀. O ní ìwọ ni wọ́n ní kó ṣe fọ́ọ̀mù náà, orúkọ rẹ ni yóò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni orí mi ń wú. Mo ti fẹ́ dìde lọ sọ fún àwọn tó ń la igi níta pé ọmọ mi ló máa pín etí ọ̀sà. Àfi bí o ṣe rẹ́rìn-ín, tí o ní, "Ọ̀gá mi ní kí n lo fọ́ọ̀mù tó ń nà, èyí tó ń la ìlà tuntun fúnra rẹ̀, torí pé bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, a lè tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán. Ọjọ́ Ajé ni mo máa fà á lé e lọ́wọ́."

Ìyá rẹ bá ọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Àyè tí ìyá rẹ ti ń yan ẹja lẹ́yìn Ọjà Olúwo láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn rẹ̀ wà nínú àwọn fọ́ọ̀mù náà. Ibi tí gẹdú mi ń gúnlẹ̀ sí wà níbẹ̀. Àyè àwọn obìnrin mìíràn náà wà níbẹ̀, àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà ju pé ọmọ Rájí ló wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, fi ọkàn bá mi lọ.

O mọ̀ pé mi ò jogún kọ́bọ̀ lásán, ká má tíì sọ ilé. Gbogbo ohun tí o rí lọ́wọ́ mi, orí omi ni mo ti kó o. Ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe tí mo ṣe kí n tó di Rájí Alápákó tí wọ́n ń kí káàkiri yìí, mi ò sọ wọ́n fún ọ rí, torí pé ojú ń tì mí. Ìtìjú náà tó gẹ́ẹ́.

Kí n tó ní ilé ìlagi, gẹdú ni mo ń rà nínú igbó. A ó so wọ́n pọ̀ lórí omi, a ó sì máa fi ọ̀pá tì wọ́n wá sí Ẹ̀pẹ́. O bá òòlù mi láyé, irin tí lẹ́tà R wà lẹ́nu rẹ̀. Bí èèyàn bá ra gẹdú, òòlù yẹn ni yóò fi gbá a nídìí títí àmì yóò fi wọ inú igi. Ẹni tó bá ti rí R, ó mọ̀ pé ti Rájí ni, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí àwa ṣe ń fọwọ́ sí nǹkan nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà dé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá gẹdú tèmi rà, igi ọ̀mọ̀ tó dára ni gbogbo rẹ̀. Oòrùn mú, apá ń ro mí, ìgbéraga sì wà lára mi. Mo gbá àwọn tó wà létí lóòlù, mo fi àwọn tó wà láàárín sílẹ̀. Mo ní ta ló máa wọnú omi wá tú ẹrù Rájí wò? Afẹ́fẹ́ dá wa dúró ní Àgbòwà fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́ tí a tú okùn, R wà létí wámúwámú, ṣùgbọ́n àràbà ló kún àárín. Igi tí kò ṣe é fi kan ilé adìẹ! Wọ́n ti yọ ọ̀mọ̀ mi, wọ́n ti fi ìdọ̀tí dí ojú rẹ̀.

Mo figbe ta. Mo sáré lọ bá Bàbá Orímisàn, àgbà Ìlàjẹ kan tó ti ń gbé lórí ọ̀sà kí wọ́n tó bí mi, tó sì mọ ọ̀rọ̀ gẹdú ju gbogbo wa lọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí àwọ̀n tó ń hun.

"Rájí, níbo ni o fi àmì sí?"

"Etí ni, Bàbá."

"Ó dáa. Etí ni tìrẹ."

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo ra gbogbo rẹ̀!"

"Ta ló bá ọ jiyàn ríra? Mo ní ibi tí àmì rẹ dé ni tìrẹ dé. Kúrò nínú oòrùn mi, jọ̀ọ́."

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ẹyọ gẹdú kan sílẹ̀ láìgbá a lóòlù mọ́. Ìwọ náà, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ sí nǹkan níwájú rẹ, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè ibi tí ọwọ́ náà dé.

Èkejì tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Mo gba etí omi kan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan tí mi ò ní dárúkọ. Akọ̀wé wọn kọ ìwé, ó kà á sí mi létí, ó dùn. Ìsàlẹ̀ ìwé ṣófo gbayawu. Mo ní, "Akọ̀wé, kí ni ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ó ní, "Déètì ni, Onígẹdú. Ẹ ṣáà tẹ̀ka." Mo ti ìka bọ inú tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́. Ọdún kejì ni wọ́n gbé ìwé kan náà jáde. Ìka mi ni lóòótọ́, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sí ibi tó ṣófo yẹn pé n ó kúrò níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́. Mo kó igi mi, mo kúrò, àwọn tó ń wò mí ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ìwé mẹ́ta tí mo kà ní kékeré ti fò lórí mi, èmi àti àwọn ìyá arúgbó la jọ ń ka a, b, d, mi ò sì tijú wọn.

Wá gbọ́ ti ọdún yìí, èyí tó kan iṣẹ́ rẹ gan-an. Mo fẹ́ gba ìwé àṣẹ ilé ìlagi mi tuntun, wọ́n ní orí kọ̀ǹpútà ni. Mo lọ bá Tóyìn, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. A kọ ohun gbogbo síbẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Àmì kan yọ lókè, ó ní àwọ̀ ewé. Orí mi wú. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò fi nọ́ńbà fóònù mi kejì sí i.

"Tóyìn, fi í kún un."

Ó fi í kún un. Ìlà tuntun kan là síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé náà nà, ibi tí mo fọwọ́ sí sún bọ́ sí ojú ewé kejì. Àmì àwọ̀ ewé di pupa.

Mo ní, "Kí ló ń pọ́n ojú sí mi? Ṣé kò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Tóyìn ní, "Ó mọ̀ yín, Bàbá. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ni kò mọ̀ mọ́."

"Torí nọ́ńbà kan ṣoṣo?"

"Bó jẹ́ àmì ìdánudúró kan lẹ fi kún un, yóò pọ́n."

"Ìwọ lo bà á jẹ́!"

"Háà! Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í kún un o. Bàbá Alápákó, ẹ má sọ mí dọ̀bàyéjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà wà níta."

Àwọn oníbàárà náà sì ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rín in pẹ̀lú wọn, torí pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí o pè wá tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo padà lọ bá Tóyìn lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó fi oríṣiríṣi fọ́ọ̀mù hàn mí, kó má fi ọ̀kan pa mọ́, n ó sanwó àkókò rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi ní kí n lọ jẹun. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbà ọ́ nímọ̀ràn. Bí mo bá ṣi orúkọ kan pè, dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò ṣi ọ̀rọ̀ náà mú.

Èkínní. Fọ́ọ̀mù kan wà tó dà bí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ibi tí gbogbo nǹkan wà ni yóò máa wà. O kọ ohun tó yẹ sínú àpótí rẹ̀, o fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ bo gbogbo rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò ké. Èyí ni mo fẹ́ kí o lò. Ohun tí ojú rí ni ọwọ́ fọwọ́ sí.

Èkejì ni èyí tí ọ̀gá rẹ ń fẹ́. Mi ò ní kò wúlò. Obìnrin kan lè ní ààrò ìyanja kan, òmíràn lè ní márùn-ún, fọ́ọ̀mù náà yóò sì máa la ìlà tuntun bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó dára fún kíkọ. Kò dára fún fífọwọ́sí. Tóyìn fi ọ̀kan hàn mí tó ń kọ déètì fúnra rẹ̀. Ọjọ́rú la ṣí i, ó kọ Ọjọ́rú. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, fọ́ọ̀mù kan náà kọ Ọjọ́bọ̀. Ta ló fọwọ́ kàn án? Kò sẹ́nì kankan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àṣàkẹ́, ro ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ń lọ wò. Ó ní ẹ ó tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Ọ̀nà méjì péré ló wà. Bí ọwọ́ obìnrin náà bá bo gbogbo fọ́ọ̀mù, bí ẹ bá ṣe tún un ṣe báyìí, ó di pupa. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan yóò na ìka sí i pé, "Ìyá, ìwé yín ò dúró, ẹ dìde lórí àyè yìí." Bí ẹ bá sì dọ́gbọ́n sí i tí ọwọ́ rẹ̀ fi bo apá kan, tó fi apá kejì sílẹ̀ kí ẹ lè máa tún un ṣe, àmì yóò máa tutù bí ewé, kò ní pọ́n, nígbà tí ààrò márùn-ún bá ti di méjì. Nínú méjèèjì, èwo ló dùn mọ́ ọ nínú? Orúkọ ta ló sì wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù?

Nítorí náà, bí ó bá di dandan kó nà, jẹ́ kó nà nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá náà bá ti ka ààrò rẹ̀ tán, sọ fọ́ọ̀mù náà di èyí tó gan, tí kò lè nà mọ́. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é, Tóyìn ṣe é lójú mi. Kà á sí ìyá náà létí ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni kó tó fọwọ́ sí i. Ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni.

Ẹ̀kẹta, má fi ibi kankan sílẹ̀ lófìfo. O ti gbọ́ ti Ìbẹ̀ṣẹ̀. Bí àpótí kan kò bá kan ẹni tó ń fọwọ́ sí i, kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kàn án. Èèyàn mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, ẹni tó ni àyè, ẹlẹ́rìí rẹ̀, àti ilé iṣẹ́ yín. Jẹ́ kí àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ti gbogbo ìyókù pa, àfi ibi tí ẹni tó kàn yóò fọwọ́ sí. Tóyìn ní ìwọ tí o ń ṣe fọ́ọ̀mù ló máa sọ fún kọ̀ǹpútà ṣáájú, pé bí o bá gbàgbé, ọwọ́ ẹlẹ́rìí lè ba ti ẹni tó ni àyè jẹ́. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, kò sì sí olùkọ́ tó máa fàmì sí i.

Wọ́n lè sọ fún ọ pé kẹ́ ẹ kúkú gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn èèyàn fi ìka fa orúkọ wọn lójú fóònù, kó tán. Mo ní kí ìyá rẹ dán an wò lórí fóònù mi. Ohun tó fà dà bí ejò tó mutí yó. Ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ṣé èmi nìyí?" Mo ní, "Ó ní ìwọ ni." Mo tún un fà fúnra mi, ó gbà á bákan náà, ó ní ìyá rẹ ni èmi náà! Àwòrán ọwọ́ kì í ṣe ọwọ́, ọmọ mi. Ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó lè yí i padà lọ́la kó sì ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láná. Bí ẹ bá ní láti lò ó, ẹ̀dà odindi ohun tí wọ́n fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ tẹ olúkúlùkù lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èyí tí mo wá ń bẹ̀rù jù lọ, inúure rẹ ni. Àwọn obìnrin Olúwo yóò pè ọ́ sí kọ̀rọ̀, wọn ó ní, "Ọmọ Rájí, bá mi tọ́jú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo máa gbàgbé." Bí wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ara wọn nìyẹn, ìfẹ́ ló fà á. Má gbà á. Bí Ìyá Olóko tó gbé ọ pọ̀n bá sunkún, má gbà á. Nọ́ńbà yẹn ni òòlù wọn. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi nọ́ńbà náà fọwọ́ sí ohun tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, ìwọ ni wọn ó kọ́kọ́ wò lójú, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Nígbà tí o bá dé iwájú ọ̀gá rẹ, má gbó o lẹ́nu. Kúnlẹ̀ kí i bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kí o dìde dúró, kí o sọ pé, "Ọ̀gá, èyí tí kò nà ni mo ṣe. Bí àṣìṣe bá wà, a ó ṣe fọ́ọ̀mù mìíràn, a ó sì pe ẹni tó ni àyè kó tún fọwọ́ sí i lójú ara rẹ̀." Kò sí èébú nínú ìyẹn. Bí ó bá ní yóò pẹ́, jẹ́ kó pẹ́. Bí ó bá ní ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò lè kọ́ òun níṣẹ́, sọ fún un pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ òun kọ́ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Orúkọ rẹ lorí rẹ.

Mo mọ bí o ṣe wá iṣẹ́ yìí tó. Mo mọ iye ilẹ̀kùn tí o kàn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré. Bí wọ́n bá torí èyí dá ọ dúró, ilé rẹ wà ní Ẹ̀pẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o wá ṣe.

Bí o bá ti jáde ní yàrá ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, pè mí. Bí o bá ní fọ́ọ̀mù náà dúró, èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, n ó mú ìyá rẹ dání, ìlú yóò sì tẹ̀ lé wa. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ó nà, n ó gbé àga mi lọ sí ẹnu Ọjà Olúwo, n ó jókòó síbẹ̀, n ó sì máa sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ń bọ̀ wá fọwọ́ sí i pé kó padà sílé. Bí wọ́n bá bi mí pé, "Alápákó, ṣé kì í ṣe ọmọ yín ló ṣe fọ́ọ̀mù náà ni?" n ó dá wọn lóhùn pé ọmọ mi ni, ìdí tí mo fi jókòó síbẹ̀ nìyẹn.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Rájí Alápákó.